Àtọ̀gbẹ Àwọn Ọmọdé àti Ẹ̀rọ Ínsúlínì: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ènìyàn rí ní ìbàdí ọmọ wa obìnrin nígbà tí a mú un wá sílé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àwọn kan ní tẹlifóònù ni. Àwọn mìíràn ní rédíò ni. A tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnì kan wí pé oògùn ìṣọ́ra ni wọ́n dè mọ́ ọn ní ìlú òyìnbó. A kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Abéèrè kì í ṣìnà. Nítorí náà ni àwa òbí rẹ̀ méjèèjì fi fi orí kan orí, tí a sì pinnu láti sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, èyí tí ó dùn àti èyí tí kò dùn, kí ó lè wúlò fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn baba wa tí ó sọ àrùn yìí ní àtọ̀gbẹ kò sọ ọ́ lásán. Ẹni tí ó bá ní i a máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Irú kejì ni a mọ̀ jù nílé, òun ni ó sábà máa ń mú àgbàlagbà, tí dókítà fi ń fún wọn ní oògùn oníhóró, tí ó sì ń kìlọ̀ oúnjẹ fún wọn. Irú kìn-ín-ní ni ti ọmọ wa. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni èyí sábà máa ń mú, bí ó tilẹ̀ lè mú àgbà pẹ̀lú. Kì í ṣe ṣúgà tí ọmọ jẹ ní àjẹjù ni ó ń fà á, kì í sì í ṣe àìmọ̀ọ́tọ́jú ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun tí Ọlọ́run dá sínú ara wa láti máa bá àrùn jà ni ó yí ojú ìjà padà sí ara fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ba páńkíríà jẹ́, èyí tí í ṣe ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn. Ibẹ̀ ni ínsúlínì ti ń wá.

Kí ni iṣẹ́ ínsúlínì? Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Oúnjẹ tí a bá jẹ, iyán ni o, ẹ̀bà ni o, ìrẹsì ni o, ṣúgà ni ó ń dà nínú ara, ẹ̀jẹ̀ sì ni ọjà tí a ń kó ṣúgà náà wá. Ínsúlínì ni alábàárù tí ń ru ẹrù náà láti ọjà lọ sí ilé oníkálukú. Bí kò bá sí alábàárù, ọjà yóò kún àkúnya, ebi yóò sì máa pa àwọn ará ilé. Ṣúgà tí kò rí ẹni rù ú yóò máa bá ìtọ̀ jáde, yóò sì máa fa omi ara tẹ̀lé e. Nígbà tí ara kò bá rí ṣúgà lò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá ara rẹ̀, májèlé kan tí àwọn dókítà ń pè ní kítóònù yóò sì máa jáde láti inú iṣẹ́ náà. Májèlé yìí ni ó ń pa ọmọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan nígbà mìíràn.

Ní ọdún 2019, nígbà tí ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún 8, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru láti lọ tọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ohun tí ó ti fi sílẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 3. Ó ń mu omi bí ẹni tí ó ti oko ọ̀sán dé. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ tú sí i lára. A ní ibà ni; a fún un ní oògùn ibà tí a gbé ti ilé bọ̀. A ní ó ń dàgbà ni. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹwàá, ó ń mí gúlegúle, èémí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí èso tí ó ti rà. Bí a ti gbé e dé ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì kan gún un ní ìka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì sáré. Kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, omi ti wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jókòó tì í kí ó tó mọ ojú wa dáadáa. Ẹ gbà á gbọ́ pé àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, tí ilé ìwòsàn kò sì jìnnà sí ilé wa ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ.

Bí ó bá ṣe pé ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà ni, ọmọ náà kì bá tí yè é. Kí ó tó di ọdún 1922, ọmọ tí ó bá ní irú àtọ̀gbẹ yìí kì í sábà lò ju ọdún kan tàbí méjì lọ mọ́. Ní ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlínì fà yọ láti inú páńkíríà ajá, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin kan, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ náà kò mọ́ tó, kò sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀. James Collip tún un ṣe. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n tún fún un, ara ọmọ náà sì yá. Ó gbé ọdún 13 sí i láyé. Dọ́là 1 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó ṣe àwárí yìí gbà, tí wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ oògùn náà lé Yunifásítì ìlú Toronto lọ́wọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá a ní.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé àrùn òyìnbó ni. Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntọ́kun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tẹ ìwé kan jáde lórí alátọ̀gbẹ 832 tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó ti pẹ́ tí àrùn yìí ti wà láàárín wa. Àìyẹ̀ ẹ́ wò ni kò jẹ́ kí a rí i.

Láti ọdún 2019 títí di ọdún 2024, abẹ́rẹ́ ni a fi ń tọ́jú ọmọ wa: ẹ̀ẹ̀kan fún ínsúlínì tí ń pẹ́ nínú ara, àti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́ta tí ó bá jẹun. Ìgbà 4 lójúmọ́ nìyẹn, ó di 1,460 lọ́dún. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti sá fún abẹ́rẹ́ rí yóò mọ bí ó ti rí. A kì í sùn tán. Bí a bá fún un pọ̀ jù, ṣúgà rẹ̀ a lọ sílẹ̀ lóru, òógùn a bò ó, yóò máa gbọ̀n. Bí a bá fún un kéré jù, òwúrọ̀ a bá a nínú òǹgbẹ.

Èyí ni ó mú kí a fi etí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ti ẹ̀rọ fún wa. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1963, dókítà kan ní Los Angeles, Arnold Kadish, ṣe irú rẹ̀ kan tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí àpò ọmọ-ogun. Ní ọdún 1978, John Pickup, Harry Keen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ẹ̀rọ kékeré lè máa rọra fi ínsúlínì sí abẹ́ awọ lọ́sàn-án àti lóru. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, NICE, ìgbìmọ̀ tí ń gba ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níyànjú, fọwọ́ sí irú tòde òní, pàápàá fún àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ó kan ọmọ wa.

Báyìí ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ínsúlínì wà nínú rẹ̀. A ó fi abẹ́rẹ́ gbé ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan wọ abẹ́ awọ ikùn, a ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ọ̀pá rọ́bà náà yóò sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí a tó pa á dà. Ínsúlínì yóò máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀, bí omi ti ń sun láti ara amù. Ohun mìíràn tún wà tí a lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, tí ń wo ìwọ̀n ṣúgà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà pé kí ó fi kún un tàbí kí ó dín in kù. Bí ọmọ bá fẹ́ jẹun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún ẹ̀rọ bí oúnjẹ náà ti pọ̀ tó.

Àwọn olùkọ́ ilé ìwòsàn fi ọjọ́ púpọ̀ kọ́ wa kí wọ́n tó gbé e lé wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n tẹnu mọ́ jù: ínsúlínì tí kì í pẹ́ nínú ara nìkan ni ó wà nínú ẹ̀rọ yìí. Bí ọ̀pá náà bá yọ, tàbí tí ó bá ká, kò sí èyí tí ó kù nínú ara láti ti ọmọ lẹ́yìn. Láàárín wákàtí díẹ̀, kítóònù lè dé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ rìn láìmú abẹ́rẹ́ dání.

Àwọn èrè tí a rí nínú rẹ̀ kò kéré. Ìgúnni tí ó jẹ́ 1,460 lọ́dún di nǹkan bí 120. Ní òru kejìlá lẹ́yìn tí a fi ẹ̀rọ sí i, a sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí a sì jí, ẹ̀rù bà wá, a sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Ó ń sùn ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sunkún.

Nígbà tí a kọ̀wé sílé pé a ń mú un bọ̀ wá ṣe ọdún, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pé kí a jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú. A ní kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá mọ ilé baba rẹ̀, kí ni a ó máa pè é? A kó ìlọ́po méjì ohun gbogbo tí ó ń lò, a kó o sínú àpò ọwọ́, a kò jẹ́ kí ó bá ẹrù lọ sí ikùn ọkọ̀ òfurufú níbi tí òtútù ti lè ba ínsúlínì jẹ́. A gba Ọ̀wọ̀ wọlé, a sì bá gbogbo ilé ní ìta tí wọ́n ń dúró dè wá.

Iyán ni wọ́n fi kí wa. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ òwe. Iye ni ó fẹ́ mọ̀. Nínú gíráàmù 100 iṣu sísè, nǹkan bí gíráàmù 27 ni yóò di ṣúgà. A gbé òṣùwọ̀n kékeré tí a mú wá jáde, a ń wọn òkèlè. Ìyá Àgbà wò wá títí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ ta iyán náà ni?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn ọ́n, tí ó ń ka iye rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jó, wọ́n sáré, wọ́n làágùn. Òógùn tú ohun tí ó lẹ ọ̀pá rọ́bà mọ́ ikùn rẹ̀, ọ̀pá náà yọ, ínsúlínì sì ń kán sára aṣọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ̀rọ ń ké, ìlù sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní agogo 11 alẹ́ ni ó wá sọ fún wa pé inú ń run òun, òǹgbẹ sì ń gbẹ òun. Ṣúgà rẹ̀ ti di 19 ní ìṣirò ti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí í ṣe 342 ní ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń tà nílé. Kítóònù sì ti ń gòkè. Iná mànàmáná kò sí. A fi iná tẹlifóònù wá abẹ́rẹ́, a fún un ní ínsúlínì, a pa ọ̀pá dà, a ń fún un ní omi mu, a ń yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí. A ti pinnu pé bí kò bá yí padà láàárín wákàtí méjì, Ìkàrẹ́ ni a ó gbé e lọ lóru náà. Nígbà tí àkùkọ kọ, ó ti bọ́ sí 9, èyí tí í ṣe 162 nílé. Ìyá Àgbà kò kúrò lórí àpótí tí ó jókòó lé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ẹ̀yin ará wa, bí ọ̀rọ̀ yìí bá parí síbẹ̀, a kì bá tí wá dúró níwájú yín. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá kan ní àdúgbò wa kan ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó bi wá bí àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì sọ fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun bí ọmọkùnrin kan tí ó kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní ọmọ náà a máa dìde lóru láti bu omi amù mu títí amù a fi gbẹ. Ó ní ó rù títí ó fi di egungun. Ó ní wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ṣètùtù. Ó ní títí di òní, òun àti ìyálé òun kì í kí ara wọn, nítorí wọ́n ní ìyálé òun ni ó mu ọmọ náà jẹ. Ó wá béèrè pé, “Ǹjẹ́ ohun tí ó pa ọmọ mi nìyí?” A kò lè dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí ó gún ọmọ náà ní ìka wò. Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Ọmọ lọ, ilé tú, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni a wá tọrọ fún ìlú wa. Ẹ̀rọ náà wọ́n. A kò rí ohun èlò rẹ̀ rà ní ilé oògùn kankan tí a ti béèrè nígbà tí a wà nílé. Ọmọ tí ó bá sì gbé e rìn láìsí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n wà nínú ewu. Ohun tí ó gba ẹ̀mí ọmọ wa là ní òru náà kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìka tí a gún, abẹ́rẹ́ ínsúlínì, àti ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ni. Mẹ́ta yìí kò ju agbára Ṣúpárè lọ.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí gbogbo ìyá, gbogbo olùkọ́, gbogbo pásítọ̀, gbogbo ààfáà àti gbogbo onísègùn ìbílẹ̀ mọ àmì mẹ́rin yìí: ìtọ̀ àtọ̀jù, òǹgbẹ àgbẹjù, rírù láìnídìí, àti rírẹ̀ láìṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó bá ní wọn kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìjẹ́ pé a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá pọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ọmọdé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Èkó nípa àwọn àrùn bí èyí. Ọmọ tí a bá tètè gbé lọ yóò rí ẹni tọ́jú rẹ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa rí i pé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò wà ní ilé ìlera ìlú wa àti ní àwọn ilé-ìwé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ láìsí pépà àyẹ̀wò dà bí ìbọn láìsí ọta. Àwa yóò ra ẹ̀rọ 3 àkọ́kọ́ àti pépà ọdún kan. A bẹ ẹgbẹ́ kí ó gba èyí tí ó kù rù.

Ẹ̀kẹta, ọmọ tí ó bá ti wà lórí ínsúlínì kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ìbáà ṣe ní ìgbà ààwẹ̀ tàbí ìsọjí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbàdúrà náà kí ẹ sì gún abẹ́rẹ́. Bí ṣúgà rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ ju 4 lọ, èyí tí í ṣe 72 nílé, tí ó ń gbọ̀n tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ fún un ní ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣúgà nínú omi, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀kẹrin, ínsúlínì kò fẹ́ ooru. Níbi tí fìríìjì kò ti rí iná, amù àwọn ìyá wa wúlò. Olùkọ́ kan láti Jìgáwá, Mohammed Bah Abba, fi ìkòkò kan sínú èkejì, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn láti fi tọ́jú ẹ̀fọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní ọdún 2000. Ọ̀nà kan náà lè dáàbò bo ìgò ínsúlínì tí a ń lò lọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ ooru ọ̀sán, bí kò tilẹ̀ tutù tó fìríìjì.

Ẹ̀yin tí ó wà ní òkè òkun, ẹ má ṣe máa fi ẹ̀rọ tí kò ní ohun èlò ránṣẹ́ sílé nítorí pé ó dára lójú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìlera ohun tí ó ṣe aláìní. Ẹ̀yin tí ó wà nílé, bí ọmọ kan bá kú ní ilé yín, ẹ má ṣe yára wá ẹni tí ó mu ún jẹ. Ẹ wá ẹni tí yóò yẹ àwọn tí ó kù wò.

Kí a tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, Ìyá Àgbà pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ ìbàdí rẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ṣé èyí ni ó wò ọ́ sàn?” Ọmọ náà ní, “Rárá, Ìyá Àgbà. Ó kàn ń bá mi ṣọ́ ọ ni.” A kò rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ láti fi parí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí Ṣúpárè bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣọ́ ọ.

 Ìlú wa yóò máa gbèrú, a kò sì ní fi ọwọ́ sin ọmọ. Àṣẹ.